Ìgò Omi Kan

Ọ̀gbẹ́ni Akínlàjà ti Ìbàdàn wá, ó wọ kóòtù,
ó so àwòrán ńlá mọ́ ògiri gbọ̀ngàn nítòsí Tákíè:
ọmọ mẹ́ta ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ pọ́n bí osùn.
Ó ní kí n dìde, kí n sọ bí Dọ́ńdì ti dùn tó.
"Ṣe é ní ṣókí, àbúrò mi. Má gbàgbé láti rẹ́rìn-ín."

Igba ọmọ ló jókòó, wọ́n gbé fáìlì lé itan,
ìwé ẹ̀rí wáẹ̀kì tí wọ́n fi ọ̀rá wé nítorí òjò.
Mo mọ ojú yẹn. Èmi náà ti fi ojú yẹn wo àwòrán rí
lọ́dún tí bàbá mi ta oko kaṣú tó wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé.

Òótọ́ ni kí n sọ, àbí?
Òtútù ibẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Mo ń to ẹ̀wà inú agolo sórí pẹpẹ lóru,
mo ń fi ọ̀sán kàwé lórí ohun tí ojú ò rí nínú omi.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sunkún; ẹ̀kẹta, mo ní àlùbọ́sà ni.
Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi, obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá sílé ìwé,
kọ́ mi bí a ti ń bi omi léèrè títí omi yóò fi jẹ́wọ́.
Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé bọ̀.
Wọn ò wọ̀n ọ́n ní pápákọ̀ òfurufú.

Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ ni wọ́n ń retí.
Wọ́n yọjú wo ẹ̀yìn takisí bóyá ẹrù ṣì kù.
Àpótí kan ni, ìgò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀.
Àbúrò bàbá mi ní, "Ṣé òfìfo ìgò lo lọ rà wálé?"

Kànga tí mo kọ́kọ́ bi léèrè, kànga ilé wa ni,
ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, èyí tí wọ́n fi omi rẹ̀ wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi.
Mo dúró dè é di ọjọ́ kejì. Omi jẹ́wọ́.
Ó pẹ́ tí ṣáláńgá aládùúgbò ti ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀.
Mo sọ ọ́. Ilé dàrú.
"A ta oko kaṣú, o wá ń ba kànga lórúkọ jẹ́!
Omi tí baba rẹ mu tó fi dàgbà!"
Mo fẹ́ bèèrè àwọn tó mu ún tí wọn ò dàgbà,
mo rántí Àwẹ̀ró ẹ̀gbọ́n mi, mo panu mọ́.

Màmá Tàmálè ló dìde.
Orúkọ rẹ̀ gan-an ti bọ́ sọnù sí ẹnubodè
lọ́dún tí Gánà ní kí àlejò máa lọ,
tó pọn ọmọ kan, tó fa ọ̀kan lọ́wọ́, tó ru bàsíà.
Wọ́n fi òun náà rẹ́rìn-ín: ogún ọdún lájò, bàsíà kan!
Ó wọ yàrá, ó gbé bàsíà ọ̀hún jáde,
ó dojú rẹ̀ dé ẹnu kànga,
ó jókòó lé e.
"Ẹni tó bá fẹ́ fami, kó wá gbé mi kúrò."

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Akínlàjà ń wo aago.
Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn:
"Àǹtí, ká lọ ni àbí ká má lọ?"
Ẹ lọ, mo ní. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá yìí
iye tí wọ́n ń san fún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín.
Mo bu omi inú ìgò mi mu.

Ọmọ náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.
Kò bèèrè Dọ́ńdì. Ó ti fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì:
agboolé wọn ní Màsífà, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
kànga náà wà lábẹ́ igi máńgòrò.