Yí Ewé Náà Padà

Ní etí odò Kóbúkì, lókè téńté ayé,
níbi tí oòrùn ti ń gbàgbé láti wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ewéko méjì ń gbé orí iyanrìn kan náà.
Ìdílé ẹ̀wà ló bí àwọn méjèèjì:
ewé wẹ́wẹ́ ní méjì-méjì lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́,
òdòdó aláwọ̀ àlùkò.
Bí o bá ń kánjú kọjá, o ó kí ọ̀kan
kí èkejì dá ọ lóhùn.

Masu ni ìyá ìyá mi, Nasuk, ń pe ọ̀kan.
À ń wa gbòǹgbò rẹ̀, à ń kì í bọ òróró ẹran òkun,
ó ń dùn bí kárọ́ọ̀tì tó sun inú ṣúgà mọ́jú.
Èkejì kò lórúkọ lẹ́nu rẹ̀.
"Kì í ṣe tiwa," ló máa ń wí, á fi ẹsẹ̀ tì í.
Àwọn olùkọ́ kan ní májèlé ni,
àwọn mìíràn ní irọ́ ni, kò pa ẹnikẹ́ni rí.
Nasuk kò bá wọn jiyàn:
"Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó fi ikùn ara rẹ̀ mọ̀."

Mo ka àmì wọn fún un láti inú ìwé ilé ẹ̀kọ́:
ọ̀kan, òdòdó rẹ̀ kéré, ó pọ̀, ó ń dorí kodò;
èkejì, òdòdó rẹ̀ tóbi, kò pọ̀, ó ń ta sánsán.
Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
"Òdòdó kì í dúró de ebi.
Yí ewé náà padà."
Mo yí i. Iṣan yọ gbàǹgbà lábẹ́ rẹ̀,
bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà tó dì mí mú.
Mo yí ti èkejì: ó jọ̀lọ̀, kò sọ nǹkan kan,
bí ojú ajigbèsè tó ń kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Keje, à ń so òwú pupa mọ́ tiwa
kí a lè dá a mọ̀ nígbà tí ewé bá rẹ̀.

Nasuk kú nígbà tí yìnyín ń fọ́ lórí odò.
Ní oṣù Keje, mo wà ní Ánkọ́réèjì, mo ń ṣiṣẹ́ owó.
Oṣù Kẹsàn-án ni mo tó dé, tèmi ti igi ìwalẹ̀ rẹ̀.
Kò sí òwú. Kò sí òdòdó. Ewé ti lọ.
Igi gbígbẹ méjì dúró
bí ẹlẹ́rìí tó ti gba owó.

Apó èso nìkan ló kù lára wọn,
pẹlẹbẹ, ó gé ní oríkèé-oríkèé
bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀.
Mo gbé ọ̀kan sókè, mo fi oòrùn sí ẹ̀yìn rẹ̀.
Àwọ̀n ni mo rí:
àwọ̀n tí Taaqpak, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, sá sórí igi,
tí ojú rẹ̀ là, tí kò sí ohun tó ń fà á.
Mo gbé ti èkejì. Àwọ̀n náà ni,
ṣùgbọ́n ó dà bíi pé omi ti wọ́ ọ, ojú rẹ̀ nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi.
Àbí ó sọ ọ́ nígbà tí mo ń wo fóònù?

Mo wa ilẹ̀. Mo já sí ihò eku
tó ti kó gbòǹgbò jọ pelemọ de òtútù.
Mo mú ìdajì, mo fi ẹja gbígbẹ rọ́pò rẹ̀
gẹ́gẹ́ bí Nasuk ti ń ṣe; eku náà ní ọmọ.
Nínú èyí tí èmi fúnra mi wà,
ọ̀kan wà tí kò dá mi lójú.
Mo dì í mú títí ìka mi fi kú tipiri,
mo sì dá a padà fún ilẹ̀.

Nílé, Taaqpak gé ẹyọ kan jẹ. Ó ní ó dùn.
Ó bèèrè bí mo ṣe dá a mọ̀.
Mo ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi lábẹ́ iná:
iṣan rẹ̀ kò tíì yọ.