Àpótí Tí Kò Níṣẹ́ Nínú

Ní Tòyámà, òjò dídì ti bo òrùlé.
Chizuru jókòó ti kọ̀ǹpútà, bàtà rẹ̀ ṣì tutù.
Kì í ṣe lẹ́tà ló ń tẹ̀;
àpótí aláwọ̀ ewé ló ń fà síbí, tó ń fà sọ́hùn-ún,
tó ń fi ọfà so pọ̀ bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ọfà.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹnìkan sì jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ọfà. Wọlé. Tan iná. Gbé omi wá. Kí i.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.
Róbọ́ọ̀tì kì í ṣe ọmọlúàbí:
odindi là ń yà fún un,
odindi ọ̀hún sì ń jò.

Nítorí ìyá àgbà Isurugi,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
yàrá kẹrin, ilé ìtọ́jú tó kọjú sí òkun,
ti fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, ìlà kan péré:
"Ẹ sọ fún ọmọ onírin yẹn kó yé tanná pa mí lójú."

Chizuru wo àwòrán rẹ̀ títí. Kò rí àṣìṣe.
Ilẹ̀ ṣú: bẹ́ẹ̀ ni. Ènìyàn wà níbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni.
Ó bá wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ jókòó ti ìyá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Tíì ń tutù nínú ife.
Lójú fèrèsé, ọkọ̀ apẹja ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan,
iná wọn tín-ín-tín bí irúgbìn tí a fọ́n sórí omi.
Ìyá ń kà wọ́n lábẹ́ èémí.
Ó dé orí mẹ́tàlá, ó dákẹ́.
"Tọkọ mi ni ìbá jẹ́ ìkẹrìnlá."

Iná bá là gbà!
Òkun parẹ́ nínú gíláàsì;
ojú àwọn méjèèjì nìkan ló kù níbẹ̀,
àti ọmọ onírin lẹ́yìn wọn, tòun ti omi,
tó ń kí wọn kú alẹ́.

Àṣé òkùnkùn mìíràn, ìjókòó ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa àpótí tuntun jáde.
Bí àga bá kọjú sí fèrèsé, ọfà.
Bí ètè bá ń mì láìsí ohùn, ọfà.
Ó wá àwòrán kékeré tí yóò fi sínú rẹ̀:
gílóòbù, ife, ọwọ́. Kò sí èyí tó bá a mu.
Ó fi í sílẹ̀ ní funfun bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Sakaida, tẹjú mọ́ ọn.
"Kí lèyí ń ṣe?"
"Ó ń dúró."
"Di ìgbà wo?"
Chizuru wo òjò dídì níta.
Kò tíì fa ọfà ìyẹn.