Ìrọ̀rí Dọ́kásì

Èmi ni mo máa ń so ìrọ̀rí mọ́ ọn níkùn
lẹ́yìn aṣọ títa, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé Ìsàlẹ̀-Àfọ́n.
Bó bá ti fi ikùn ṣáájú jáde,
iná gáàsì pàápàá a mì:
tíṣà á fi háńkáṣíìfù bo ẹnu,
àgbẹ̀ á máa na itan ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé kámẹ́rà dé,
wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.
Ó ṣubú lórí àpótí lẹ́ẹ̀mẹta.
Kẹ́kẹ́ pa.
Ó yíjú sí mi: “Àníkẹ́, ṣé kò dùn mọ́ ni?”

Fíìmù dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rín ya bí òjò àkọ́rọ̀.
Òun nìkan ló dákẹ́,
ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó tẹ́ẹ́rẹ́,
ọwọ́ ẹ̀ níkùn,
níbi tí ìrọ̀rí máa ń wà.