Ihò Imú Ilé

Ọdún kẹfà rèé tí ilé wa ní Bwari ti ń kérora.
Bí a bá ti fi omi lé ìgbẹ́ lọ,
agbada ìfọwọ́ a dáhùn láti yàrá kejì:
gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀,
bí àgbà tí oúnjẹ há lọ́fun tó ń fọwọ́ bo ẹnu.
Lẹ́yìn náà òórùn a yọ́ wọlé
láìkan ilẹ̀kùn.

Mo ní eku ló kú sí àjà.
Ìbídùn ní bàtà mi ni.
Mo ní ẹja gbígbẹ tó kó pamọ́ ni.
Ó ní, "Ẹja wo? Èyí tí o jẹ tán láti ọjọ́ Sátidé?"
A ra ọṣẹ, a ra káfúrà,
a lé ayálégbé kan lọ nítorí ajá rẹ̀.
Ọyẹ́ dé, a ti fèrèsé nítorí eruku,
àwa àti òórùn jọ sùn bí ọmọ ìyá.

Ìgbà tí Ìbídùn kó aṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá àlejò
ni mo tó lọ pe Gàmbó.

Gàmbó ọmọ Zaria, ẹni tó tẹ̀lé ìbejì wáyé;
nílé wa, Ìdòwú là bá máa pè é.
Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ já geere.
Kò bo imú, kò yínmú.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọrùn páìpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja,
ó ní omi díẹ̀ ló yẹ kó máa jókòó síbẹ̀
bí mẹ́gáàdì,
kí ohun tó wà nísàlẹ̀ má bàa gòkè.
"Ṣùgbọ́n omi tó ń sáré kọjá ń wá èémí.
Kò rí i lókè, ó fa mẹ́gáàdì yín lọ.
Ọ̀gá, iska ni. Afẹ́fẹ́ ni.
Níbo ni ilé yìí ti ń mí?"

N kò dáhùn.

Ó gun àkàbà, ó gba ojú àjà wọlé.
Mo gbọ́ bó ṣe ń rá kiri.
Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́.
Páìpù ti dúró lábẹ́ páànù,
ó ku ìka mẹ́ta kó rí ojú ọ̀run,
ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sínú òkùnkùn,
ojú ayùn ṣì hàn lára rẹ̀, wúruwùru,
bí iṣẹ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́.

Èmi ni.
Ọdún tí a kan òrùlé, owó tán,
páànù mẹ́jọ tó kẹ́yìn, gbèsè ni mo fi rà á.
Ó pupa, ó ń dán, mo dúró lójú títì ń wò ó
bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.
Púlọ́ńbà ìgbà náà ní òun fẹ́ dá a lu.
Dá kí ni lu?
Nígbà tó lọ jẹun mo gun òkè, mo gé páìpù náà kúrú,
mo sì sọ fún gbogbo wọn pé iṣẹ́ parí.
Awọ bo inú; páànù bo àjà.

Gàmbó sọ̀kalẹ̀, òwú aláǹtakùn kún irùngbọ̀n rẹ̀.
Ó wò mí. Ó wo Ìbídùn.
"Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó," ló wí,
ó sì gba Dei-Dei lọ láti ra páìpù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó dá páànù lu.
Igbe irin náà wọ̀ mí léegun.
Ó fa páìpù jáde, ìgbọ̀nwọ́ kan sókè òrùlé,
ó fi rọ́bà wé e lọ́rùn bí ìborùn ọmọdé,
ó fi ọ̀dà yí i ká,
ó fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ nítorí alángbá.
Láti orí àkàbà mo rí òkè Bwari nínú ọyẹ́,
mo rí òrùlé àwọn aládùúgbò
àti páìpù kékeré tó yọrí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan,
gbogbo wọn ń mí, kò sẹ́ni tó ń tijú.

Lálẹ́, Ìbídùn da omi. Agbada kò fèsì.
Ó tún da omi. Ilé dákẹ́ bí ọmọ tó yó.
Ó wá jókòó tì mí, ó ní,
"Ọdún mẹ́fà. Ta ló ṣe irú èyí sí wa?"

Mo la ẹnu.
Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde.