Amọ̀ Tí Kò Rí Iná

Ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù aṣọ ẹ̀bá afárá,
Lajiwántì, tó gbọ́ Gùn ju Faransé lọ,
ló sọ̀kalẹ̀ lórí sémíjàn lẹ́nu ọ̀nà mi.
Ó na àwòrán kan sí mi:
ikùn bí ìkòkò àmù,
ọwọ́ mẹ́rin, ojú ènìyàn kò sí,
orí erin ni.
“Ìyá Sikírá, bá mi mọ ọ́n.
Tiwa láti Bọ́mbè há sọ́wọ́ aṣọ́bodè ní Kùtọ́nú.”

Mo ní ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń mọ ìkòkò
l'Ájàṣẹ́ yìí, n kò mọ erin rí.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá séfà ló kà lé mi lọ́wọ́.
Erin di mímọ.

Mo wa amọ̀ dúdú létí ọ̀sà,
mo gún un, mo ṣa òkúta inú rẹ̀.
Bí mo ti ń mọ ikùn, ó jókòó tì mí,
ó ń sọ̀tàn bí ẹni ń ka gbèsè ọkọ:

Ìyá rẹ̀ ń lọ wẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ṣọ́ ilẹ̀kùn.
Ó ha àtalẹ̀ pupa tó fi para, tìdọ̀tí tìdọ̀tí,
ó fi mọ ọmọ ọkùnrin kan,
ó ní, “Dúró síbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé.”
Bàbá ti àjò dé. Ọmọ ní kò ní í wọlé.
Bàbá kò mọ ọmọ, ọmọ kò mọ bàbá,
idà sọ̀rọ̀ láàárín wọn.
Mo dáwọ́ dúró lórí amọ̀.
“Ìyá ńkọ́?”
“Ó ké títí ayé fi fẹ́ bàjẹ́.
Bàbá ní kí wọ́n gé orí ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé wá.
Erin ni wọ́n pàdé.”

Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí.
Ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó,
ọmọ tó mú gègé lọ sí ìdánwò,
bí wọn kò bá kí ọmọ ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà á dí.
Kódà ẹni tó fẹ́ bẹ bàbá tó bẹ́ ẹ lórí
gbọ́dọ̀ bẹ òun ná.
Èyí dùn mọ́ mi. Mo bu amọ̀ kún ikùn rẹ̀.

Mo mọ eyín méjì, ó ní kí n ṣẹ́ ọ̀kan:
ìtàn gígùn kan ló ń kọ, gègé dá,
kò fẹ́ kí ìtàn dúró,
ló bá ṣẹ́ eyín ara rẹ̀ tì bọ tàdáwà.
Mo fi wérénjéjé méjì ṣe ojú rẹ̀.
Mo mọ eku sẹ́bàá ẹsẹ̀. Eku ni ẹṣin rẹ̀.
Erin gun eku! Eku kò sì kú.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ó ní kí n má fi í síná.
Ibẹ̀ la ti jà.
Amọ̀ tí kò rí iná, kí la ń pè é?
Iṣẹ́ ọ̀lẹ. Òjò kan, ó parí.
Ó ní, “Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ìyá.”

Ọjọ́ márùn-ún ló lò láàárín ìdì aṣọ wọn,
òdòdó pupa lọ́rùn, àgbọn àti ṣúgà níwájú.
Lọ́jọ́ kẹfà wọ́n gbé e wá sétí ọ̀sà,
ọkọ, ìyàwó, ọmọ méjì,
Ràímì akọ̀wé wọn tó ń di agboòrùn mú.
Wọ́n wọ omi dé orúnkún,
wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ rì, wọ́n ń ké pé
kó tètè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.
Eyín kúkúrú ló kọ́kọ́ yọ́.
Lẹ́yìn náà, imú. Omi ṣú díẹ̀,
bí ìgbà tí mo bá ń fọwọ́.

Mo ní ọmọkùnrin kan ní Gàbọ́ọ̀nù.
Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣí, n kò ní kó tètè padà.
Mo ń bínú. Mo panu mọ́.

Lónìí mo tún sọ̀kalẹ̀ lọ wa amọ̀,
ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́fà, oníbàárà ń dúró.
Mo ń gún un, mo ń wò
bóyá wérénjéjé kan yóò yọjú.
Kò tíì yọ.
Sikírá! Gbé fóònù wá,
bá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ.
Gbé e sí mi létí, amọ̀ wà lọ́wọ́ mi.
Ó ń dún.