Bọ́tìnnì Mọ́kànlélógún

Àlàájì Múfú tó ń ra irin àlòkù ní Yemẹtu
ṣì ń ya páànù tó bá dógùn-ún dáadáa sọ́tọ̀.
Mo ní, "Morádéyọ̀ ti kú. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"
Ó lóun gbọ́.
Ó tún ya ọ̀kan sí i.

Lọ́dún tí Ògùnpa ya wọlé wọn,
tí maṣíìnì ìyá rẹ̀ bómi lọ,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rin ẹrẹ̀ dé orúnkún,
ó ṣa bọ́tìnnì mọ́kànlélógún.
Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ń fi wáyà rán ìdérí ìgò mọ́ páànù,
ó ń lẹ pépà ọjà mọ́ aṣọ àwọn tó ti lọ.
Ọwọ́ àwa ọmọọṣẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀, òun ń rẹ́rìn-ín:
"Páànù tó dógùn-ún ò ṣàìsàn,
òjò ló kọ̀wé sí i."

Wọ́n tòkè òkun wá fowó ńlá lọ bọ́tìnnì wọ̀nyẹn.
Kò tà.
Ó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dòní;
ẹ kà á, ogún ni.
Ìkọkànlélógún ló fi rọ́pò èyí tó já lọ́rùn ẹ̀wù mi,
kò bá àwọn yòókù mu rárá.