Kò Tó Omijé

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá.
Ẹni tó sọ ọ́ kò tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rí
nígbà ọyẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
tí eruku ọ̀nà Ìlọrin ń rọ́ wọlé
bí àlejò tí a kò pè, tó tún ń bèèrè ibi tí yóò sùn.

Aago mẹ́fà àárọ̀, mo ti wà létí omi,
àwọ̀n onígi gígùn lọ́wọ́ mi.
Mo ń kó ewé máńgòrò.
Mo ń kó òdòdó kajú.
Mo kó ọ̀pọ̀lọ́ kan tó sùn sínú omi tí kò jí mọ́.
Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán;
eré òru tìrẹ ńkọ́?
Ta ló ní kí o sá wọ inú iyọ̀?

Àpò iyọ̀ mọ́kànlá ni mo tú sí i lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀.
Làmídì tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Tákìé bi mí pé,
"Òjéwálé, ọbẹ̀ ta lo fẹ́ sè?"
Mi ò dá a lóhùn.
Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ro ìsàlẹ̀ omi,
mo ń wo bí iyọ̀ ṣe ń yọ́,
bí ìlú tí kò bá òkun pààlà
ṣe ń bí òkun kékeré sẹ́yìn ilé olówó.

Iyọ̀ nìkan kò tó o.
Ẹ̀rọ kan wà lára páìpù tó ń fi iná
sọ iyọ̀ di oògùn tó ń pa ọbẹ̀dò.
Ẹfun a máa lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀ bí èépá.
Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta mo ń tú u,
mo ń rẹ ẹ́ sínú ásíìdì tí mo fi omi là.
Omi ni kó kọ́kọ́ wọ inú ike, kí ásíìdì tó tẹ̀ lé e;
ẹni tó bá yí i padà, ojú rẹ̀ ni yóò máa sọ ìtàn.
Ọ̀gá Múfútáù ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.
Àpá wà lágbọ̀n rẹ̀.

Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀,
omi á kọ́kọ́ ṣú bí ojú ẹni tó ń ṣòjòjò,
lẹ́yìn náà á gbé ẹ̀wù ọbẹ̀dò wọ̀.
"Omi ńkọ́?" ni onílé ń bi mí láti Kánádà.
Mo ya fọ́tò. Mo fi ránṣẹ́.
"Ó mọ́." Ó parí.
Ọdún kẹfà rèé, kò sẹ́ni tó lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Àfi ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró,
tó máa ń tẹ̀pá bọ̀ nírọ̀lẹ́,
tí á ká ìró sókè orúnkún tó ń ro ó,
tí á ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, tí kò ní sọ nǹkan kan.
Lánàá ó fi ìka kan omi, ó fi kan ahọ́n.
"Òkun lẹ mà pè é.
Kò tó omijé."

Òótọ́ ni. Mo ti wọ̀n ọ́n.
Kò tó ìdajì rẹ̀ pàápàá.

Fóònù dún lápò mi: "Omi ńkọ́?"
Mo ya fọ́tò.
Mi ò ní kí ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí:
ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ omi tó mọ́ gaara,
ìmọ́lẹ̀ ń mì wọ́n bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lọ.

Ó ti rí i. Kò tíì fèsì.
Mo padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì mi;
ògiri apá ìwọ̀-oòrùn ti ń yọ̀.